Bí a ṣe lè bá àwọn ẹranko àyíká wa gbé ní Kétu, láti òjò àkọ́rọ̀ títí dé ọyẹ́

Ní Kétu, ìlú Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń wá lọ́dún. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹta, á sì máa rọ̀ títí di oṣù keje; ọ̀dá kékeré á dá sí i ní oṣù kẹjọ; òjò kejì á tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, á sì rọ̀ dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, kí ẹ̀ẹ̀rùn gidi tó wọlé pẹ̀lú ọyẹ́ rẹ̀. Ìrìn àwọn ẹranko ń tẹ̀lé àwọn àsìkò yìí. Ẹranko ìgbẹ́ kì í ṣàdédé wọ ilé ènìyàn: oúnjẹ ló ń wá, tàbí omi, tàbí ibi tí yóò fara pamọ́ sí. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹranko ń wá lásìkò kọ̀ọ̀kan lè mú ohun náà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó dé, kò sì ní í sí ìdí láti gbé igi tàbí àdá sí i. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú báyìí, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko tàbí igbó ní àìpẹ́ yìí, fi ara balẹ̀ ka ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí àwọn ni wọ́n ń pàdé ẹranko jù, àwọn náà ni kò sì sábà ní ẹni tí yóò kọ́ wọn.

Òjò àkọ́rọ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí ó sì dá, èsúnsun á tú jáde láti inú ilẹ̀. Ẹ ó rí wọn bí wọ́n ti ń yí iná ìta po, tí ìyẹ́ wọn ń já bọ́ sílẹ̀, tí àwọn tí ìyẹ́ wọn ti já sì ń tẹ̀lé ara wọn ní méjì-méjì lórí sìmẹ́ǹtì, èyí ẹ̀yìn kò ní í fi èyí iwájú sílẹ̀, títí wọn yóò fi rí ihò wọ̀. Oúnjẹ ni èsúnsun jẹ́ fún wa, àwọn ọmọdé sì máa ń yọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọ̀pọ̀lọ́ náà ni. Kò ní í pẹ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ yóò fi péjọ sábẹ́ iná náà, ejò tó ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́ á sì tẹ̀lé wọn wá. Nítorí náà, ẹ pa iná tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó èsúnsun, ẹ gbé àtùpà lọ sí ibi tó jìnnà sí ilé, kí ẹ sì gbé abọ́ omi sí abẹ́ rẹ̀. Inú omi ni wọn yóò máa já sí, ẹnikẹ́ni kò sì ní í máa fi ọwọ́ wá nǹkan kiri nínú òkùnkùn.

Bí ilẹ̀ bá ti rin dáadáa, ìjàlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kiri. Ìlà dúdú kan tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ méjì ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, tí ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé àwọn tí orí wọn tóbi ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú ẹnu yíyà, tí àwọn kéékèèké ń sáré kọjá láàárín wọn. Ẹ má ṣe da epo àtùpà sí àárín ìlà yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe nìyẹn, ó sì máa ń mú kí ìjàlọ fọ́n ká, kí wọ́n gun ògiri, ibùsùn àti ara ènìyàn. Ẹ kọ́kọ́ gbé ọmọ ọwọ́ àti aláìsàn tí kò lè dìde kúrò nínú yàrá; lẹ́yìn náà, ẹ tú ewúrẹ́ àti àgùntàn tí ẹ so mọ́lẹ̀, ẹ ṣí ilé adìẹ, kí ẹ sì gbé adìẹ tó ń sàba lọ sí ibòmíràn pẹ̀lú ẹyin rẹ̀, nítorí ohun tí kò lè sá ni ìjàlọ ń pa. Bí ẹ bá ti ṣe èyí tán, ẹ jókòó síta kí ẹ sì dúró dè wọ́n. Aáyán, àkeekèé, ọmọ eku àti kòkòrò tó wà nínú àjà, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò kó lọ, èmi kò sì tíì rí oògùn apakòkòrò tó ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá lè gbà wọ́n láàyè rárá, bóyá nítorí pé ẹnì kan wà nínú ilé tí a kò lè gbé, ẹ da eérú gbígbóná sí iwájú ìlà wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà níta, kí ẹ sì fi apá kan sílẹ̀ kí wọ́n rí ibi yà sí.

Ìgbà yìí náà ni ìgbín ń jáde. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé ni ó ti fi ohun funfun kan dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, tí ó sì sùn sínú ilẹ̀. Ọ̀rinrin òjò ló ń jí i. Ẹni tó bá ń ṣa ìgbín lóru gbọ́dọ̀ mú iná lọ́wọ́, kí ó sì fi àwọn kéékèèké sílẹ̀, torí àwọn ni yóò yé ẹyin lọ́dún tó ń bọ̀. Kí a sè é jinná dáadáa, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá fọ omi yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kúrò, nítorí aràn kan wà tí ìgbín tútù lè kó ran ènìyàn.

Ní ti àparò àti ikún tó ń hú àgbàdo àti ẹ̀pà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ìṣòro wọn. Kí gbogbo ẹni tí oko wọn fi ara kan ara gbìn ní àsìkò kan náà, kí ìpalára má baà dá lé ẹnì kan lórí, kí a sì máa wà lóko ní òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́, torí ìgbà náà ni wọ́n ń jẹun. Oko tí igbó bò ní etí kò ní í bọ́ lọ́wọ́ ikún, ohun yòówù kí a ṣe.

Ejò

Ọ̀rọ̀ ejò ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí jù, nítorí pé ó ń pa ènìyàn, àti nítorí pé ìbẹ̀rù rẹ̀ máa ń mú wa ṣe ohun tó burú ju oró náà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ejò ń bu nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.4 ènìyàn jẹ lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé ẹni 81,000 sí 138,000 ló ń ti ipa bẹ́ẹ̀ kú. Ní ọdún 2017 ni àjọ náà fi oró ejò kún àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì. Àgbẹ̀ àti ọmọdé abúlé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí.

Kì í ṣe gbogbo ejò ló ní oró. Òjòlá kò ní in, eku ló sì ń jẹ. Ní Ouidah, ìlú kan ní gúúsù Benin, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un débi pé wọ́n kọ́ ilé fún un. Àwọn tó yẹ kí a máa ṣọ́ra fún jù ni paramọ́lẹ̀ àti sèbé. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ènìyàn. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ewé gbígbẹ, àwọ̀ náà ló sì gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni ó ń bù jẹ. Sèbé ní tirẹ̀ á gbé orí sókè, á sì fẹ ọrùn. Àwọn kan nínú wọn lè tu oró sí ènìyàn lójú láti ibi tó jìnnà tó mítà méjì.

Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ dára lóko ju ohunkóhun tí a lè fi para lọ. Ẹ máa tan iná bí ẹ bá ń rìn lóru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìgbẹ́ lásán ni ẹ ń lọ. Ẹ má ṣe ki ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ igi ìdáná tí a tò jọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá yí igi náà padà. Ẹni tó ń sùn sórí ẹní ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ta àpò ẹ̀fọn, kí ó sì ki etí rẹ̀ sábẹ́ ẹní yíká, torí ejò máa ń tẹ̀lé eku wọ yàrá lóru. Bí àlàfo tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn bá gba ìka ọwọ́ kan, ó gba ejò.

Bí ẹ bá pàdé ejò lójú ọ̀nà, ẹ dúró, kí ẹ wá máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ. Bó bá jẹ́ inú yàrá ni, ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde, ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé, ẹ ṣí èyí tó jáde síta sílẹ̀, kí ẹnì kan tó ní ojú tó dára dúró lókèèrè máa wò ó, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ọdẹ. Ìlú ọdẹ ni Kétu látilẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, ní Bùràsíìlì ṣì ń pè é ní ọba Kétu títí di òní. Ó ṣòro kí àdúgbò kan wà níhìn-ín tí a kò ti ní í rí àgbà kan tó mọ bí a ṣe ń mú ejò jáde láìpa á.

Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni náà kúrò nítòsí ejò náà, kí ó jókòó tàbí kí ó dùbúlẹ̀, kí ó má sì ṣe sáré, torí ìrìn ń mú kí oró tètè ká ara. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà kúrò kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ di igi pẹlẹbẹ mọ́ ẹsẹ̀ tàbí apá náà kí ó má baà mì, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ẹ má ṣe so okùn mọ́ ọn pinpin, torí okùn tó dí ẹ̀jẹ̀ lè mú kí ẹsẹ̀ náà kú. Ẹ má ṣe fi abẹ sín in, ẹ má ṣe fi ẹnu fa oró rẹ̀, ẹ má sì ṣe gbé òkúta dúdú tí wọ́n ní ó ń fa oró lé e lórí kí ẹ wá máa dúró. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ní oògùn, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbàdúrà tàbí pe ọfọ̀, kí ó ṣe é lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Oògùn apa-oró ejò nìkan ló lè dá oró tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a bá sì ti tètè fún ènìyàn tó ni ó ń ṣiṣẹ́ tó. Nítorí pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in nígbà gbogbo, kí ẹnì kan fi fóònù béèrè nígbà tí àwọn yòókù ti ń gbé aláìsàn lọ. Bí kò bá sí mọ́tò, zémì, ìyẹn ọ̀kadà, tó: kí aláìsàn jókòó sí àárín awakọ̀ àti ẹlòmíràn tí yóò dì í mú láti ẹ̀yìn. Bí erìgì rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wó wálẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà, nítorí ohun wọ̀nyí ń fi irú oró tó wà lára rẹ̀ hàn. Kò pọn dandan kí ẹ pa ejò náà dání. Púpọ̀ nínú àwọn tó lépa rẹ̀ ni ó tún bù jẹ.

Bí sèbé bá tu oró sí ojú, ẹ má ṣe ra ojú náà. Ẹ máa da omi tó mọ́ sí i, omi púpọ̀, fún ìgbà pípẹ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àgbàdo àti eku

Ìkórè àgbàdo àkọ́kọ́ ń bọ́ sí oṣù keje àti oṣù kẹjọ, ìgbà náà sì ni eku ń wọ ilé. Mo gbà pé ìdí ìṣòro tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹranko ilé nìyí: àgbàdo ń pe eku, eku ń pe ejò. Ilé tó bá lè tọ́jú ọkà rẹ̀ dáadáa ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ.

Kí àká dúró lórí ẹsẹ̀ tó ga tó mítà kan, kí a sì fi páànù tí a ká bí àrọ, tí ẹnu rẹ̀ dojú kọlẹ̀, yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, tó bẹ́ẹ̀ tí eku tó bá ń gùn ún yóò bá a lókè tí kò sì ní í rí ibi gbà kọjá. Kí ẹ̀ka igi kankan má ṣe kan òrùlé àká, nítorí eku ń fò. Kí a ro ìdí rẹ̀ mọ́ yíká. Ẹni tí kò ní àká lè kó ọkà gbígbẹ sínú àgbá tó ní ọmọrí tó dé pinpin. Kí ó rí i dájú pé ọkà náà ti gbẹ kó tó dé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu. Gàrí àti ẹ̀lùbọ́ tí a sá kò gbọdọ̀ sun ìta.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ eku. Ibà Lassa, tí a sọ ní orúkọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Borno ní Nàìjíríà níbi tí a ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ní ọdún 1969, ti ṣẹlẹ̀ ní Benin náà, ní ọdún 2014 àti 2016. Eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ tó bá kan oúnjẹ ló ń kó o ran ènìyàn. Ẹ má ṣe gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, torí eruku rẹ̀ á wọ imú. Ẹ wọ́n omi tí ẹ po javel (omi apakòkòrò tí a fi ń fọ aṣọ funfun) mọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó rin, kí ẹ wá fi àkísà nù ún pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá lọ́wọ́. Eku tí ẹ bá bá ní òkú nínú ilé kì í ṣe ohun jíjẹ. Bí ibà bá mú ẹnì kan tí oògùn ibà kò sì ràn án, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé eku wà nílé. Àìsàn náà lè fara pamọ́ fún ọjọ́ 21 kó tó hàn.

Òwìwí ni olùrànlọ́wọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ń dùn mí pé òkò ni a fi ń san án fún un. Eku ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ igbe rẹ̀ nínú ilé àlàpà tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe lé e. Májèlé eku ń pa òwìwí, nítorí eku tó ti jẹ ẹ́ tí kò tíì kú ló rọrùn jù fún un láti gbé. Bákan náà ni igún, tí iye rẹ̀ ti dín kù púpọ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: kò ń pa adìẹ, kò ń ba oko jẹ́, òkú ẹran ló ń kó kúrò nílẹ̀. Ẹ má ṣe fi májèlé sí òkú ẹran nítorí ajá tàbí ohun mìíràn.

Ní ti ẹ̀ga, ìgbà tí àgbàdo bá ń ṣe wàrà nìkan ni wọ́n nílò ìṣọ́. Bí a bá sun ilé wọn lórí ọ̀pẹ, wọn yóò kọ́ òmíràn.

Ẹ̀ẹ̀rùn

Bí òjò kejì bá ti ń lọ, àwòdì á dé, lékeléke náà á sì máa tẹ̀lé màlúù àwọn darandaran. Lékeléke kò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Àwòdì ló ń gbé òròmọdìẹ, kò sì sí ọgbọ́n tó ju kí a fi àgọ̀ dé wọn títí ìyẹ́ wọn yóò fi hù, tàbí kí a jẹ́ kí ìyá wọn máa kó wọn jẹ lábẹ́ igi tó ṣú dáadáa.

Nígbà tí igi bá ń tan òdòdó, oyin á máa pín, ọ̀wọ́ kan á sì fò lọ wá ilé tuntun. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ oyin tó so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọn kò tíì ní ilé tí wọ́n ń dáàbò bò, wọn kì í sì í sábà ta ènìyàn, ní ọjọ́ kan tàbí méjì wọn yóò lọ. Èyí tó bá ti wọ inú ògiri tàbí àjà yàtọ̀: ẹ pe ẹni tó ń sin oyin, kí ó wá ní ìrọ̀lẹ́. Bí oyin bá dìde sí yín, ẹ fi aṣọ bo ojú, kí ẹ sáré wọ ilé kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe dúró máa gbá wọn, ẹ má sì ṣe bẹ́ sínú omi, wọn yóò dúró dè yín. Ẹ fi èékánná ha ẹ̀gún wọn kúrò kíákíá. Ẹni tí ojú àti ọ̀fun rẹ̀ bá ń wú gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Láti ìgbà tí máńgòrò bá ti ń pọ́n, àdán á máa wá lóru. Ẹ má ṣe jẹ máńgòrò tí eyín ti kàn, kí àwọn ọmọ má sì ṣe fi ọwọ́ mú àdán tó bá já bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gé igi tí wọ́n ń sùn sí: èso ìrókò wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ, wọ́n sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ibi tó jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni ìrókò ṣe ń hù níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Àdán, ọ̀bọ tàbí ajá, èyíkéyìí tó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àìsàn dìgbòlugi kò ní ìwòsàn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti hàn.

Iná ìgbẹ́ ló ń lé ẹranko wọ ìlú jù ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Ẹ ro etí oko yín kí ọyẹ́ tó le, kí ẹ má sì ṣe fi iná dẹ ọ̀yà. Lẹ́yìn iná, ẹ lè bá ọmọ ẹtu tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú koríko tó ṣẹ́kù. Ìyá rẹ̀ ló fi í síbẹ̀, yóò sì padà wá, nítorí náà ẹ má ṣe gbé e. Bó bá jẹ́ akika ni ẹ rí, ẹranko tí ìpẹ́ bò lára tí ó sì ń ká ara rẹ̀ kò bí a bá fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe tà á fún àwọn tó ń wá a kiri nítòsí ẹnubodè. Ní ọdún 2016, àdéhùn àgbáyé tó ń jẹ́ CITES fòfin de gbígbé ẹ̀yà akika mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn fún òwò, Benin náà sì ní òfin tirẹ̀ lórí ẹranko ìgbẹ́ láti ọdún 2004. Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ dé e kí ajá má baà yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ kankan, torí èèrà àti ikán nìkan ló ń jẹ, kí ẹ sì fi tó àwọn aṣọ́gbó ìjọba létí kí ilẹ̀ tó ṣú.